Èsè Ìrìn-àjò àti Ìgbáralé Ọlọ́hun

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa.

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ọ̀nà kan ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Alaska, ní ìhà àríwá, tí à ń pè ní Dalton Highway. Láti Coldfoot dé Deadhorse, nǹkan bí máìlì 240, kò sí ilé epo. Ẹni tí yóò gbà á ní láti di epo, táyà, oúnjẹ àti aṣọ òtútù.

Ǹjẹ́ irú ìmúra bẹ́ẹ̀ tako ìgbáralé Ọlọ́hun bí? Rárá. Àwọn ará Yemen kan a máa lọ sí Hájì láìmú èsè dání, wọn a ní Ọlọ́hun ni àwọn gbára lé. Bí wọ́n bá dé Mẹ́kà, wọn a máa tọrọ. Nítorí èyí ni Ọlọ́hun ṣe pàṣẹ nínú Sūratul-Baqarah pé kí a mú èsè lọ́wọ́, àti pé ìbẹ̀rù Òun ni èsè tó lóore jù.

Ẹni tó kọ̀ láti múra, epo ẹlòmíràn ló gbára lé, kì í ṣe Ọlọ́hun. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú nínú òtútù, ẹlòmíràn ni yóò fi ẹ̀mí wéwu nítorí rẹ̀.

Ìrìn-àjò kan sì kù tí gbogbo wa yóò rìn, níbi tí bàbá kò ti ní lè bu làdá fún ọmọ. Ìrun wa, sàká wa, òtítọ́ wa lọ́jà: ẹ jẹ́ kí a dì wọ́n nísinsìnyí, kí a tó kọjá ilé epo tó kẹ́yìn. Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́. Àmín.