Ta Ni Ó Kọ́ Ayétòrò?

Àwọn tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní etíkun Ìlàjẹ ní ọdún 1947 kò gbà pé àwọn ni wọ́n kọ́ ìlú náà. Ọlọ́run ni wọ́n ní ó kọ́ ọ. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n, a sì ti ṣe inúnibíni sí wọn ní ìlú wọn nítorí pé wọ́n kọ ẹbọ, wọ́n sì kọ pípa ìbejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó aya, kó ọmọ, tí wọ́n forí lé ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan létí òkun. Wọ́n fẹnu kò níbẹ̀ pé bí àwọn Àpọ́sítélì ìgbàanì ti ṣe ni àwọn náà yóò ṣe, kí ẹnì kan má ṣe pe ohunkóhun ní tirẹ̀ mọ́. Ẹja tí wọ́n pa, ti gbogbo wọn ni. Owó rẹ̀, àpò kan ṣoṣo ni ó ń wọ̀.

Nínú àpò kan ṣoṣo yìí ni ọkọ̀ ojú omi ti jáde, àti ilé ìṣẹ́ búrẹ́dì, ti bàtà, ti ọṣẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ipa omi tí ọkọ̀ ń gbà. Nígbà tí yóò sì fi di 1953, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú aládé ṣì ń tan àtùpà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kì í sábà wádìí ni ẹni tí ń gbá ọwọ́ náà jọ, àti ohun tí ó fi ń gbá a jọ. Stanley Barrett, ọ̀mọ̀wé tí ó kọ ìwé lórí Ayétòrò ní 1977, fi ìlú náà wé abúlé kan nítòsí rẹ̀, tí wọ́n jọ ń pẹja nínú omi kan náà. Ó ní àpò àjùmọ̀ní ju ìgbàgbọ́ lọ ni ó mú Ayétòrò ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì délẹ̀ lójú tèmi. Kí ni ó mú kí apẹja tí òjò pa lójú agbami da gbogbo ẹja rẹ̀ sílẹ̀ láìyọ ẹyọ kan pamọ́? Nínú àáró tí àwọn baba wa ń ṣe, ìyípo ni ó gbé e ró: mo bá ọ roko lónìí nítorí pé oko tèmi ni ó kàn lọ́la, ẹni tí ó bá sì yẹ̀, a kì í bá a ro tirẹ̀. Ayétòrò ń ṣe àáró, ó sì mú ìyípo kúrò nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìgbàgbọ́ ṣe nìyẹn: ó mú kí ènìyàn dẹ́kun kíka òkèlè tí ẹnì kejì rẹ̀ ń jẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù sì ti ń bà mí. Ọba Ayétòrò ni olórí ìlú, òun náà ni olórí ìjọ. Ẹni tí a gbà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń ti ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ta ni yóò bi í pé èló ni ó kù nínú àpò? Aláàfin pàápàá, Ikú Bàbá Yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, mọ̀ láyé àtijọ́ pé àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì lè gbé igbá òfìfo fún òun, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí òun lọ kú. Ayétòrò kò ní irú igbá bẹ́ẹ̀. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún: lẹ́yìn tí ọba àkọ́kọ́ wàjà, kí àwọn ọdún 1960 tó parí, a ti yọ̀ǹda kí olúkúlùkù máa ṣòwò tirẹ̀. Àwọn kan ní ìfẹ́ ni ó tutù. Èmi ní ìṣirò ni ó dé, nítorí ẹni tí a kò bá ṣírò fún ní gbangba yóò ṣe é fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Nísinsìnyí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, àwọn ará ìlú sì ń ké pe ìjọba. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ọwọ́ tí ó gbẹ́ ipa omi kò lè dá òkun dúró. Ṣùgbọ́n ìjọba náà ní àpò àjùmọ̀ní, owó epo rọ̀bì tí a ń wà ní Ìlàjẹ sì wà lára ohun tí ń wọ inú rẹ̀. N kò tíì rí olórí tí ó ṣí ẹnu àpò yẹn fún àwọn apẹja kí wọ́n wo inú rẹ̀.