Ẹ Jẹ́ Kí Ìfẹ́ Wádìí
Ní oṣù August, ọdún 2014, nígbà tí ẹ̀rù àrùn Ebola gba ilẹ̀ Nàìjíríà kan, ìròyìn tàn kálẹ̀ lórí fóònù pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Irọ́ ni, ó kéré tán, ènìyàn 2 bá a kú. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó sọ ọ́ fún wa, bí kò ṣe ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́. Ìbẹ̀rù mú wa gbà á gbọ́. Ìfẹ́ mú wa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Bí a sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu púpọ̀, ó dà bí òtítọ́. Àwọn ará Berea wádìí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Nítorí náà, kí ìfẹ́ wa kọ́kọ́ wádìí, kí ó tó sọ̀rọ̀.