Ṣé Ìbò Ẹnì Kan Já Mọ́ Nǹkan? Ìbò Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Jíjẹ́

 

Lẹ́yìn ìdìbò sí ipò ààrẹ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dìde nínú kíláàsì, ó ní: “Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí mo bá dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ kí n tó tẹ̀ka, kí ni ìka mi kan ṣoṣo yóò yí padà láàárín mílíọ̀nù 24?” Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó lé ní mílíọ̀nù 93 ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Ìbò tí ó wọlé ìṣirò kò ju mílíọ̀nù 24 lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti fi ìjókòó sílé dáhùn ìbéèrè náà kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí tó bi mí. Ó yẹ kí àwa náà wá ìdáhùn tí ó ní ẹ̀rí lẹ́sẹ̀ fún un.

Ohun tí ìṣirò sọ

Òfin ìdìbò ni ó ń fún ìbò ní ìwọ̀n, ìwọ̀n náà kò sì dọ́gba níbi gbogbo. Níbi tí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ni ó ń wọlé, bí ó ti rí nígbà tí a bá ń yan àwọn aṣòfin wa, òfo ni ìbò gbogbo àwọn tí kò yan olúborí ń já sí. Ibi tí ìdíje bá ti le koko nìkan ni ìbò díẹ̀ ti ń wúwo. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìbò 353 ni ẹgbẹ́ PDP fi ṣíwájú ẹgbẹ́ APC nínú ìdìbò gómìnà. Nítorí pé àwọn olùdìbò tí orúkọ wọn wà ní ibùdó méje tí a fagi lé ìbò wọn ju 353 lọ, a tún ìbò dì níbẹ̀ ní ọjọ́ 27. Nígbà tí a kà á tán, ìbò 482 ni APC fi borí. Ní ọjọ́ yẹn, ohùn àwọn ará ibùdó méje wúwo ju ti gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan àwọn aṣojú tí yóò yan ààrẹ. Ní ọdún 2000, ìbò Al Gore fi ohun tí ó lé ní 500,000 ju ti George W. Bush lọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, síbẹ̀ ìbò 537 ní Florida ni ó gbé Bush dé ipò. Ní Gánà, ẹni tí yóò jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ju ìdajì ìbò lọ. Akufo-Addo ni ó ṣíwájú ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ṣùgbọ́n kò dé ìdajì. Nígbà tí a tún ìbò dì, Atta Mills borí pẹ̀lú nǹkan bí 40,000 ìbò péré nínú mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ti Gúúsù Áfíríkà tún yàtọ̀: bí ìbò ẹgbẹ́ kan bá ti pọ̀ tó ni ìjókòó rẹ̀ ń pọ̀ tó nínú ilé aṣòfin tí ó ní ìjókòó 400. Ẹgbẹ́ Al Jama-ah, tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀, rí ìjókòó kan ní ọdún 2019, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò rẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú 100.

Òtítọ́ kan wà, nígbà náà, nínú ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Kódà ní Florida, ìbò 537 ni, kì í ṣe ìbò kan. Bí a bá fi ìṣirò nìkan wọ̀n ọ́n, ìka kan kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ohun tí fíkìhì sọ

Ṣùgbọ́n kí ni ìbò jẹ́? Mùftí Muhammad Shafi ti Pakistan, tí ó jáde láyé ní ọdún 1976, kà á sí ẹ̀rí jíjẹ́, ìṣìpẹ̀, àti fífi ènìyàn ṣe aṣojú. Olùdìbò ń jẹ́rìí pé lágbájá yẹ ní ẹni tí a lè fi àmánà lé lọ́wọ́. Ṣáájú rẹ̀, al-Māwardī, tí ó kú ní ọdún 1058, ka èrò àwọn onímọ̀ nípa iye ènìyàn tí yíyan olórí fi ń fìdí múlẹ̀: àwọn kan ní márùn-ún, àwọn kan ní mẹ́ta, àwọn mìíràn ní ẹyọ ẹnì kan. Nípa iye ni wọ́n ń jiyàn. Ní ti ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tí ń yan olórí, ó ka òdodo, ìmọ̀ nípa ẹni tí ipò tọ́ sí, àti làákàyè láti mọ ẹni tí ó dára jù.

Sūrat al-Baqarah, áyà 282, kọ̀ fún ẹlẹ́rìí kí ó má jẹ́ ìpè. Áyà tí ó tẹ̀lé e ka ọkàn ẹni tí ó bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀ sí ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ gbèsè ni àwọn áyà náà ń sọ, ṣùgbọ́n Sūrat al-Nisāʾ, áyà 135, mú un gbòòrò dé gbogbo ẹ̀rí òdodo, ì báà tako ara ẹni. Kò sí ibi kankan tí a ti ní kí ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀rí tòun ni yóò dá ẹjọ́. Iṣẹ́ adájọ́ ni ìdájọ́. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni kí ó sọ ohun tí ó mọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé farḍ kifāyah ni, ọ̀ranyàn àpapọ̀ tí ó ń bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù bí àwọn kan bá ti ṣe é. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Wíwẹ òkú àti kíkírun sí i lára náà jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àdúgbò bá ní ẹlòmíràn yóò ṣe é, òkú yóò rà, gbogbo wọn ni yóò sì pín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2023, ẹni tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní ìbò tí kò tó 10 nínú 100 àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ta ni ó lè fi ọkàn balẹ̀ sọ pé àwọn tí ó jáde ti tó?

Ẹrù tí kì í ṣe ti olùdìbò

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a máa bú ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Ẹni tí ó bá yí ìbò, tàbí tí ó gé àgbègbè ìdìbò sọ́nà àrékérekè kí ohùn àwọn kan lè di òfo, ẹrù tirẹ̀ wúwo ju ti ẹni tí ó jókòó sílé. Àmánà ni òfin ìdìbò fúnra rẹ̀. Àwa onímọ̀ kò gbọdọ̀ wàásù fún olùdìbò nìkan kí a sì dákẹ́ fún àwọn tí ń ṣe òfin àti àwọn tí ń kà á.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ “dìbò kí o sebẹ̀” rí. Bí ìbò ẹnì kan kò bá já mọ́ nǹkan, kí ló dé tí olóṣèlú fi ń fi owó rà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Ẹni tí ó tà á kò ta ìwé pélébé. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ó tà, ẹ̀rí èké ni ó sì jẹ́ bí ó bá mọ̀ pé ẹni tí òun yàn kò yẹ.

Ìkádìí

Èsì tí mo fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé ìbéèrè méjì ni ó so pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé, ṣé ìbò mi yóò yí èsì padà? Ó lè má yí i padà, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ òfin ìdìbò. Èkejì ni pé, ṣé wọn yóò bi mí léèrè nípa rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ní Ọjọ́ Ìdájọ́, níbi tí iṣẹ́ tí kò ju ẹyọ ọmọ-iná igún lọ kò ti ní sọnù. Ànábì wa kọ́ wa pé bí Ọjọ́ Ìkẹyìn bá tilẹ̀ dé bá ẹni tí irúgbìn ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbìn ín bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni náà kò ní jẹ nínú èso rẹ̀. Síbẹ̀ a ní kí ó gbìn ín. Allāhu ni Ó mọ̀ jùlọ.