Owó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bèèrè

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni ohun gbogbo tí ó wà ní sánmọ̀ àti ilẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ara mi kí n tó sọ ọ́ fún yín.

Lẹ́yìn náà, arákùnrin kan nínú wa bi mí ní ìbéèrè kan, ó sì yọ̀ǹda pé kí n dá òun lóhùn lórí mínbárì láì dárúkọ òun. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní New York yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó padà sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ọmọ náà wá orúkọ bàbá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú ìwé ọ́fíìsì Comptroller ìpínlẹ̀ New York, ó sì bá owó níbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé tí wọ́n gbé ní Bronx. Ìyàwó bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n wà nílé kò mọ̀. Ó ní, "Alfa, èmi ni mo wá a, èmi ni mo rí i. Ṣé kì í ṣe tèmi ni?"

Kí a kọ́kọ́ mọ irú owó tí ó jẹ́. Bí ẹnìkan bá fi àkáǹtì sílẹ̀ ní báńkì, tàbí tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì gba owó ìkẹyìn, tàbí tí ó gbàgbé owó ìdógò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná, òfin kò gbà kí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọdún 3 fún owó iṣẹ́ àti ọ̀pọ̀ àkáǹtì báńkì, ó di dandan kí ó kó o fún ìpínlẹ̀. Ẹ̀tọ́ olówó kò ní ọjọ́ ìparí, kò sì ní san kọ́bọ̀ kí ó tó gbà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "owó wà fún ọ" máa ń dẹ́rù bà wá nítorí àwọn gbájúẹ̀. Ẹ̀rù náà tọ́. Kódà, ẹni tí ó bá fi wíwá irú owó bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 15 nínú 100 lọ.

Ẹ rántí àwọn mẹ́ta tí òkúta dí ẹnu ihò mọ́. Ọ̀kan nínú wọn gba alágbàṣe, alágbàṣe náà sì lọ láì gba owó rẹ̀. Ọkùnrin yìí fi owó náà ṣòwò títí ó fi di ọ̀wọ́ ẹran. Nígbà tí alágbàṣe padà dé, tí ó bèèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ní gbogbo èyí tí o ń wò yìí ni. Ẹni yẹn rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó da gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí ó máa ń dí mi lọ́rùn nínú hádíìsì yìí ni pé olówó fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí òun ní. Bí wọ́n bá fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, ì bá dúpẹ́, ì bá sì lọ. Ọlọ́hun nìkan ni ẹlẹ́rìí.

Arákùnrin mi, bí àwọn àbúrò rẹ ṣe rí nìyẹn. Wọn kò mọ̀, nítorí náà wọn kò lè bèèrè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí bàbá yín ti kú ni owó yìí ti di ogún. Kí ẹ yọ gbèsè tí ó jẹ kúrò, àti ohun tí ó bá fi sílẹ̀ ní àsọtẹ́lẹ̀, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí àwọn òbí rẹ̀ kò bá sí láyé mọ́, opó rẹ̀ yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ; ìyókù jẹ́ ti àwọn ọmọ, ìpín ọkùnrin kan bí ti obìnrin méjì. Owó tí o ná sórí ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé mìíràn, sọ ọ́ fún wọn ní gbangba, kí o sì yọ ọ́. Àbúrò tí ẹ kò tíì bára yín sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú náà ní ìpín tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ńkọ́? Nínú sáàfù kan ṣoṣo níbí, àwọn tí wọ́n ń jẹ́ Gàníyù lè tó márùn-ún. Ẹni tí ó bá rí orúkọ tí ó jọ tirẹ̀ ní àdírẹ́sì tí kò gbé rí, kí ó fi í sílẹ̀. Kí ó má sọ pé owó ìjọba ni. Ìpínlẹ̀ lè ṣèèṣì san án, ṣùgbọ́n Ànábì ti kìlọ̀ pé bí òun alára bá dá ẹnìkan láre nítorí pé ó mọ ẹjọ́ rò, tí ẹ̀tọ́ náà sì jẹ́ ti ọmọ ìyá rẹ̀, ègé iná ni òun gé fún un. Bí o bá sì mọ ẹni tí ó ni orúkọ náà, kódà kí ó ti padà sí Ìjẹ̀bú, fi tó o létí.

Lẹ́yìn ìrun, àwọn ọ̀dọ́ wa yóò jókòó pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ní yàrá ìsàlẹ̀ láti bá àwọn àgbàlagbà wá orúkọ wọn. Àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ nìkan ni kí ẹ mú wá. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà Social Security yín. Arákùnrin wa sọ fún mi pé òun yóò pe Ìbàdàn lálẹ́ òní.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.