Ẹni Tó Jogún Ilé, Ṣé Kò Jogún Gbèsè?

Bí bàbá bá kú nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ kì í kàn pín ilé àti oko kí kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bí olówó kan bá dé lẹ́yìn ìsìnkú, tó ní, "Bàbá yín jẹ mí lówó," tó sì ní ẹlẹ́rìí, kò sí àgbà ìdílé tó máa sọ fún un pé kó lọ bá òkú nínú sàréè. Wọn á jókòó, wọn á yọ gbèsè náà kúrò nínú ogún, kí wọ́n tó pín èyí tó kù. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé àwọn ọmọ ló yá owó náà. Ohun tí àṣà yẹn ń sọ ni pé bí o bá fẹ́ ilé bàbá rẹ, o ò lè ní o ò mọ gbèsè bàbá rẹ rí.

Òye yìí la fẹ́ gbé lọ sí Amẹ́ríkà lónìí, nítorí àríyànjiyàn kan wà níbẹ̀ tí kò tíì tán láti ohun tó lé ní 150 ọdún sẹ́yìn. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá kan oko ẹrú àti ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ẹnì kan á dìde, á ní: "Àwọn tó ra ẹrú ti kú. Àwọn tí wọ́n rà náà ti kú. Kí ló kan ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún 2000?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lóòótọ́, kò dáa kí a fìyà ẹ̀ṣẹ̀ bàbá jẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀ṣẹ̀ là ń sọ ni, àbí gbèsè?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni wa. Ọmọ Yorùbá ni Oluale Kossola, láti agbègbè Bantè, níbi tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ọ̀dọ́kùnrin ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì ya wọ ìlú wọn, tí wọ́n pa àwọn kan, tí wọ́n sì kó àwọn yòókù lọ sí Ouidah létí òkun. Ní 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó òun àti àwọn mìíràn, nǹkan bí 110 lápapọ̀, lọ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ẹ rántí pé láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́. Timothy Meaher, olówó tó rán ọkọ̀ náà níṣẹ́, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó tilẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pé òun á ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sì ní mú òun. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà sọ̀kalẹ̀ tán, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kó má baà sí ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù lóòótọ́, ṣùgbọ́n Meaher ò jìyà kankan.

Ogun abẹ́lé parí ní 1865, Kossola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba òmìnira. Wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ò sí. Àwọn àgbà wa ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ọ̀nà tiwọn wá jìn kọjá ohun tí ẹsẹ̀ lè rìn. Wọ́n ní kí Kossola bá wọn bá Meaher sọ̀rọ̀, kó fún wọn ní ilẹ̀ díẹ̀, torí ó ti fi bí ọdún márùn-ún lo agbára wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Meaher kọ̀ jálẹ̀. Ni wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn obìnrin ń ta ọjà oko, wọ́n ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ra ilẹ̀. Ọwọ́ Meaher kan náà ni wọ́n ti ra lára ilẹ̀ ọ̀hún. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n sọ ibẹ̀ di Africatown. Kossola kú ní 1935. Ìwé tí Zora Neale Hurston kọ láti ẹnu rẹ̀ ò di títẹ̀ títí di 2018. Ọdún kejì ni wọ́n kéde pé wọ́n ti rí àfọ́kù ọkọ̀ Clotilda nínú odò.

Ẹ wá wò ó. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó wá nínú ọkọ̀ náà ṣì ń gbé ní Africatown. Nítòsí Mobile, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Meaher, torí pé ìdílé náà ló fi ilẹ̀ rẹ̀ tọrẹ. Ìdílé kan ní ilẹ̀ débi pé ó lè fún ìjọba níbẹ̀. Ìdílé kejì ní láti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló fi nǹkan sílẹ̀ fún ọmọ. Bí a bá ní àtijọ́ ti lọ, kí ló dé tí ilẹ̀ ò bá àtijọ́ lọ?

Ẹnì kan lè ní ìyẹn ọ̀rọ̀ olówó kan ṣoṣo tó burú. Rárá o. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé gbèsè wà. Ẹni tó yẹ kó san án fún ló ṣì mú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1862, nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní Washington, olú ìlú wọn, òfin náà ní kí ìjọba san owó gbà-má-bínú tó tó 300 dọ́là lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan. Ta ni wọ́n san án fún? Olówó ẹrú ni! Ẹrú tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ò rí nǹkan kan gbà, àfi bó bá gbà láti kó kúrò ní Amẹ́ríkà pátápátá. Fún ìyẹn, òfin náà ya owó tó tó 100 dọ́là sọ́tọ̀.

Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó jọ pé wọ́n fẹ́ san án. Ní oṣù kìn-ín-ní 1865, ọ̀gágun William Sherman pàṣẹ pé kí wọ́n pín ilẹ̀ etíkun South Carolina, Georgia àti Florida fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ìdílé kan ò ní gbà ju 40 éékà lọ. Láàárín oṣù mélòó kan, nǹkan bí 40,000 ènìyàn ti tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n ti ń dáko. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti ní kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà fún àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn tó gbógun ti Amẹ́ríkà kí oko ẹrú má baà tán.

Wọ́n á ní, "Ó dáa, ìyẹn náà ti pẹ́. Kí ló dé tí wọn ò fi ṣiṣẹ́ gbé ara wọn sókè láti ìgbà yẹn?" Wọ́n gbé ara wọn sókè o. Ní Tulsa, ìpínlẹ̀ Oklahoma, àwọn aláwọ̀ dúdú kọ́ àdúgbò kan tó ń jẹ́ Greenwood: ilé ìtajà, ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwé ìròyìn. Láàárín ọjọ́ méjì péré, 31 oṣù karùn-ún àti 1 oṣù kẹfà 1921, àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun dáná sun ún, ilé tó lé ní 1,000 jóná, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ̀, wọn ò san owó fún àwọn tí ilé wọn jó. Ní oṣù kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Oklahoma da ẹjọ́ àwọn méjì tó kù láyé nígbà náà lára àwọn tó la ọjọ́ náà já nù. Èèyàn tó la ọjọ́ náà já ṣì wà láàyè ní 2024, tó wà ní kóòtù. Ṣé èyí náà ti pẹ́?

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba ní òun á ṣe onídùúró fún àwọn sójà tó ti ogun dé, kí wọ́n lè yá owó ra ilé, kí wọ́n fi dá òwò tàbí oko sílẹ̀. Ní àwọn ìlú kan ní Mississippi ní 1947, ẹ̀yáwó 3,229 ni ìjọba ṣe onídùúró fún. Nígbà náà, aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ará ìpínlẹ̀ náà. Ẹ mọ ẹ̀yáwó mélòó ló kan sójà aláwọ̀ dúdú? Méjì. Ṣáájú ìgbà yẹn pàápàá, láàárín 1930 sí 1940, àjọ ìjọba kan ti ya máàpù àwọn ìlú ńlá. Àdúgbò tí aláwọ̀ dúdú bá ti ń gbé, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kùn ún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ewu wà níbẹ̀. Ilé sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní láti fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ra ilé, kí ló fẹ́ jogún?

Ẹ wo ibi tó já sí. Ìwádìí báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 2022 fi hàn pé bí a bá to àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun láti orí tálákà dé orí olówó, ìdílé tó bọ́ sí àárín gan-an ní ohun ìní tó tó 285,000 dọ́là, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbèsè. Ti ìdílé aláwọ̀ dúdú jẹ́ 44,900. Ó ju ìlọ́po mẹ́fà lọ.

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé: "Àbí kì í ṣe àwọn èèyàn wa náà ló tà wọ́n?" Bẹ́ẹ̀ ni. Dàhómì ló ta Kossola, àwọn ọmọ Yorùbá náà sì ta ọmọ Yorùbá nígbà ogun. Ẹ má jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí èèyàn méjì bá jọ jẹ gbèsè, tiẹ̀kínní ò pa tìkejì rẹ́. Kàkà kí ọ̀rọ̀ Dàhómì fọ Meaher mọ́, ohun tó ń sọ ni pé ìdí tún wà tí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí fi yẹ kó kan àwa gan-an.

Ó sì kàn wá lónìí, àwa tí jápa ò kúrò lẹ́nu wa. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, "akátá," bí àwọn kan nínú wa ṣe ń pe aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni wọ́n, pé àwa tá a gbé báàgì kan ṣoṣo dé ti di dókítà, ti di nọ́ọ̀sì. Ká sòótọ́, ọmọ Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ kárakára. Ṣùgbọ́n ta ló ṣílẹ̀kùn?

Ní 1961, aṣojú ìjọba Chad ń wakọ̀ láti New York lọ sí Washington. Ó yà sí ilé oúnjẹ kan ní Maryland, wọn ò ta kọfí fún un torí pé dúdú ni. Aṣojú ìjọba o! Kí irú ẹ̀ tó di ohun tí òfin kọ̀ ní 1964, àwọn ọmọ ilé ìwé aláwọ̀ dúdú ti jókòó sí ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń da nǹkan lé wọn lórí, wọ́n ti wọ ẹ̀wọ̀n, ajá ọlọ́pàá ti bù wọ́n jẹ. Ní oṣù kẹta 1965, ọlọ́pàá fi kóńdó lu àwọn tó ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ní Selma, ní Alabama kan náà tí wọ́n gbé Kossola lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ìwọ̀lú tuntun, èyí tó pa ètò tó ti ń ṣojúsàájú àwọn ará Yúróòpù láti 1924 rẹ́. Ìjà ẹ̀tọ́ yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí òfin náà ṣeé ṣe. Ẹnu ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ àwọn àǹtí àti bọ̀dá wa gbà wọlé.

Ilé tí ẹlòmíràn fi ẹ̀jẹ̀ ṣí ni a wọ̀. A ń jẹ nínú ogún yẹn. Ẹ má sì rò pé ìkórìíra máa ń béèrè ìwé ìrìnnà ká tó mọ ẹni tó máa kọlù. Ní 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin yìnbọn ní ìgbà 41 sí Amadou Diallo lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní New York. Ọmọ Guinea ni, kò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìlú bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó yìnbọn.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ń bá ẹni tó dá a lọ sí sàréè. Gbèsè a máa dúró ti ilé, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé á bá a níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ onílé, ì báà jẹ́ àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó sì ṣeé san. Ní 2021, ìgbìmọ̀ ìlú Evanston ní Illinois fọwọ́ sí ètò kan láti fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó gbé ìlú náà láàárín 1919 sí 1969, àti àwọn ọmọ wọn, ní owó tó tó 25,000 dọ́là fún ọ̀rọ̀ ilé, torí bí ìlú náà ṣe fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ́ wọn jẹ. Kò tó, àmọ́ wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án.

Tiwa ò le tó ìyẹn. Owó kọ́ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ká mọ ìtàn àwọn tó ṣáájú wa dé ibẹ̀, ká bá wọn dúró nígbà tí wọ́n bá ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, torí ẹ̀tọ́ tiwa náà ni. Bí ẹnì kan bá sì tún sọ pé "akátá" níwájú rẹ, rọra bi í léèrè: ta ló ṣílẹ̀kùn tó o gbà wọlé?