A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Nígbà tí àwọn baba wa wí pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, wọn kò sọ pé kí a má tọ́jú làpálàpá, nítorí àrùn ni òun náà, ó sì ń ba ẹwà ara jẹ́. Ètò ni wọ́n ń kọ́ wa, pé kí èyí tí ó lè gba ìka lọ́wọ́ ènìyàn ṣáájú èyí tí kò ju kí ó yún un lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n mìíràn tún fara sin síbẹ̀. Làpálàpá a máa yúnni, kì í jẹ́ kí a sinmi. Ẹ̀tẹ̀ a máa sọ ara di òkú, tó bẹ́ẹ̀ tí iná lè jó adẹ́tẹ̀ kí ó má mọ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ aráyé fi ń sáré tọ èyí tí ń yún un, tí ó sì ń gbàgbé èyí tí ń jẹ ẹ́ run.

Ìdánwò yìí ni ó ń dé bá ẹni tí ń kọ́lé tà. Ní Èkó Àkéte, àròmi-sá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ó ti gbowó, ó ti fún àwọn olùrà ní kọ́kọ́rọ́. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ pálọ̀, ògiri lanu, aláǹgbá sì rí ọ̀nà wọlé. Àwọn tí ó fi owó òógùn ojú wọn ra ilé ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dípò kí ẹni tí ó kọ́lé náà ránṣẹ́ pe bíríkìlà, agbẹjọ́rò ni ó pè kí ó kọ ìwé ìhàlẹ̀, ó sì bẹ àwọn ayinni-gbowó lọ́wẹ̀ kí ìyìn lè bo ẹ̀sùn mọ́lẹ̀. Làpálàpá ni ó ń pa.

Ẹ wo Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé alájà 24. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùgbé ibẹ̀ fi ń kọ ọ́ síta pé ewu iná ń bẹ. Ní 2013, agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí ó ni ilé náà kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ̀wé wọ̀nyí pé kí ó yọ àríwísí rẹ̀ kúrò. Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2017, iná sọ nídìí fíríìjì kan ní àjà kẹrin, ó ràn mọ́ ohun tí wọ́n fi bo ògiri lóde kí ilé má baà tutù, kí ó sì dára lójú. Ẹ̀mí 72 ni ó bá a lọ. Ní 2024, Martin Moore-Bick, adájọ́ tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀, wí pé kò sí ọ̀kan nínú ikú wọ̀nyí tí kò ṣeé yẹ̀.

Lóòótọ́, bí ẹ̀sùn bá jẹ́ irọ́, ẹni tí a purọ́ mọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wẹ ara rẹ̀ mọ́, nítorí orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Kí ó ṣí gọ́tà fún wọn wò, kí ó fi ìwé àyẹ̀wò ẹ́ńjìníà hàn. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó tọrọ àforíjì ní gbangba ibi tí a ti fi ẹ̀sùn kàn án.

Olùgbé tí ń ké ni ó ń mọ ìrora tí ẹni tí ó kọ́lé kò mọ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá pa á lẹ́nu mọ́ kò wo àrùn kankan sàn. Ara tí ó kù tí ń mọ ìrora ni ó sọ di òkú.