Ẹ̀rọ Ń Kọrin, Ta Ni Ó Ń Gbọ́?

Ohun èlò orin olókùn méje kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ guqin. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, kì í sì í ṣe ohun èlò òde ijó. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé a máa ta á láti fi tún ìwà ara wọn ṣe, kì í ṣe láti fi gba owó tàbí ìyìn. Ní ọdún 2003, àjọ UNESCO ka títa guqin mọ́ àwọn ogún àṣà tí ó tọ́ sí gbogbo aráyé.

Ní ọdún 2005, FM3, ẹgbẹ́ olórin tí ó fi ìlú Beijing ṣe ibùjókòó, gbé àpótí ike kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Buddha Machine. Zhang Jian, ọmọ Ṣáínà, àti Christiaan Virant, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ara àwọn àpótí tí ń ka àdúrà ẹlẹ́sìn Búdà, tí wọ́n ń tà ní tẹ́ńpìlì, ni wọ́n ti rí àwòkọ́ṣe. Abala orin mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ó gùn tó ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí po títí bátìrì yóò fi kú. Ní ọdún 2010, wọ́n gbé òmíràn jáde, ohùn guqin ni wọ́n sì kó sínú rẹ̀.

Níbí ni ìbéèrè ti dìde. Bí ó bá jẹ́ pé títa guqin ni ó ń tún ìwà ẹni ṣe, ìwà ta ni àpótí tí ń dá kọrin ń tún ṣe? Àtàrí ìbéèrè yìí kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni olùta fi ń kọ́ ìka rẹ̀. Ẹni tí ó ra àpótí kò ṣe ju kí ó tẹ bọ́tìnì lọ.

Síbẹ̀, àṣà Ṣáínà fúnra rẹ̀ ní èsì. Ìtàn àtijọ́ sọ pé Bo Ya mọ ohun èlò náà ta, Zhong Ziqi sì mọ̀ ọ́n gbọ́. Bí Bo Ya bá fi ọkàn sí òkè tàbí omi tí ń ṣàn, Ziqi a mọ̀. Nígbà tí Ziqi kú, Bo Ya já okùn, kò sì ta á mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò rọ. Etí tí ó mọ ohùn ni ó ti lọ. Bí wọ́n sì ṣe wá ń sọ ìtàn náà lẹ́yìn náà, aṣẹ́gi lásán ni Ziqi. Yorùbá náà mọ èyí: bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ̀rọ gbà, kò gba iṣẹ́ etí. Kódà, ó dá kún un. Orin tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin kì í fa olùgbọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó fi í bo ariwo ilé mọ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di aṣọ ojú fèrèsé. Ẹni tí ó bá jókòó tì í kọjá ìgbà tí ó sú u yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìkánjú ọkàn ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àtúnṣe ìwà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ lè pa ohùn mọ́ fún ìran tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni yóò fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.